Omi tí Lábísí Gbé fún Kòkúmọ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Lábísí láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ yìí ni yóò jáde, ìbáà jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ máa tú sí. Ohun tó ti pinnu láti ilé nìyẹn. Ó ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Kòkúmọ́ nínú yàrá, ó ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti la ẹnu ni ọkùnrin náà á ti kọ́kọ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì padà sí ọ̀fun. Ló bá sọ fún ara rẹ̀ pé àárín èrò ni òun yóò ti sọ ọ́, níbi tí kò ti ní sí ọ̀nà àtisá.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni wọ́n jókòó sí, nínú ọsibítù kan ní Ayétòrò. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Toheebat máa ń kó àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn ará ilé wọn jọ síbẹ̀, tí á máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń bá àìsàn náà gbé láìjẹ́ kó borí òun. Kòkúmọ́ wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó gbé igi abíyá méjèèjì tó fi ń rìn ti ara, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè dé orúnkún. Ó ti fá irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó ń lọ ya fọ́tò.

"Ẹ wo Bàbá Ọlámipọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Nígbà tí wọ́n dé láti Abẹ́òkúta lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, ṣúgà wọn ga débi pé ẹ̀rù ba èmi gan-an. Ẹ wá wò wọ́n lónìí. Ẹ bi mí pé ta ló bá wọn gbé e wálẹ̀. Ìyàwó wọn ni! Òun ló ń wọn oúnjẹ, òun ló ń ṣọ́ oògùn, òun ló ń yẹ ẹsẹ̀ tó kù wò láràárọ̀. Màmá Ọlámipọ̀, ẹ dìde, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kòkúmọ́ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó yí ọrùn wo àwọn tó wà lẹ́yìn, ó ní, "Bí kì í bá ṣe ti obìnrin yìí, inú ilẹ̀ ni ǹ bá wà báyìí."

Lábísí dìde. Ó di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́," ó wí. "Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọkọ mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Nọ́ọ̀sì Toheebat rọra sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Kò sí ará ilé aláìsàn tí kì í rò bẹ́ẹ̀."

"Rárá, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá dá mi dúró, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láyé mi."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kò wo ojú Kòkúmọ́. Ara ògiri tó wà lókè orí àwọn èèyàn ni ó tẹjú mọ́.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀. Gàrí àti láfún ni ó máa ń kó láti Ìgbógílà lọ sí Pọ́bẹ̀ ní òdìkejì bọ́dà, tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni yóò sì kó bọ̀. Ó di ìgbà kan, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ láìdáwọ́dúró. Á mu omi, á mu mínírà tútù lé e, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti tọ̀. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù, ṣòkòtò kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìtọ̀ ṣúgà ni. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa wá gba ẹ̀kọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń di ẹrù. Ló bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Lábísí, nǹkan kì í pẹ́ yé ìwọ. Bá mi lọ gbọ́ ọ. Ohunkóhun tí o bá ní wọ́n ní kí n ṣe ni n óò ṣe."

Ó sì bá a lọ. Iṣẹ́ aránṣọ ni Lábísí ń ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù, á lọ jókòó sáàárín àwọn aláìsàn bí ẹni pé òun gan-an ló ń ṣàìsàn. Tí ó bá délé, á tò ó fún Kòkúmọ́ lẹ́sẹẹsẹ: pé kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, pé kí ó jìnnà sí mínírà àti mọ́ọ̀tì, pé ẹ̀wà kò burú tí kò bá ti pọ̀ jù, pé kò gbọ́dọ̀ fo oògùn nítorí pé ara rẹ̀ yá, pé tí òógùn bá ṣàdédé bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn, kí ó yára lá nǹkan dídùn. Ọkùnrin náà á máa mi orí bí ọmọ iléèwé. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò.

"Ibi tí ǹ bá dúró sí nìyẹn," ni Lábísí wí. "Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti ń lọ síbòmíràn."

Ó bẹ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n má bínú sí ẹnu òun, nítorí ọ̀rọ̀ yàrá ni ó kàn. Kí àìsàn náà tó hàn síta ni Kòkúmọ́ ti jáwọ́ nínú sísún mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri. Tí Lábísí bá fọwọ́ kàn án, á ní, "Ọ̀nà jìn, ó ti rẹ̀ mí." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní Pọ́bẹ̀ nígbà tí ẹrù bá pẹ́. Obìnrin kan á pè é lórí fóònù, á kí i ní "bonjour, ṣé o ti délé?" Kòkúmọ́ á sì bọ́ síta láti dá a lóhùn.

Rọ́fíàt, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló sọ ọ́ jáde. "Ọkùnrin tí kì í wo ìyàwó rẹ̀ nílé, tó wá ń sùn ní Pọ́bẹ̀, ìwọ náà ò ṣírò ẹ̀? O ń wọn oúnjẹ fún un kó lè lágbára tí yóò fi máa lọ bá ẹlòmíì. Ìwọ ń tọ́jú, ẹlòmíì ń gbádùn."

"Rọ́fíàt kọ́ ni mo wá fẹ̀sùn kàn," ni Lábísí wí. "Ó ní kí n ṣírò ẹ̀ ni, kò ní kí n pa á. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà relé, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́."

Láti ìgbà náà, tí Kòkúmọ́ bá bi í pé, "Kí ni nọ́ọ̀sì kọ́ yín lónìí?" á ní, "Wọn ò kọ́ wa ní nǹkan kan." Ẹ̀bà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ọkùnrin náà yọ̀, ó ní, "A ti ń jẹ̀gbádùn padà nílé yìí o! Ṣé wọ́n ti gbà wá láyè ni?" Lábísí ní wọ́n ti gbà á láyè. Ó ra mọ́ọ̀tì sínú fíríìjì fún un. Tí oògùn bá tán, kò ní rán an létí. Kò sì jáwọ́ nínú lílọ sí ẹ̀kọ́, ìyẹn gan-an ló burú jù lójú òun fúnra rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń gbọ́, ó ń gbé ohun tó gbọ́ pamọ́ sínú. Ó ní ó dùn mọ́ òun láti mọ ohun tí ọkùnrin tó ń dalẹ̀ òun kò mọ̀.

Ẹnì kan lẹ́yìn pòṣé. Lábísí kò dúró.

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì Toheebat kọ́ wọn nípa ẹsẹ̀, ó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà tó bá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa pa iṣan ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè tẹ ìṣó kó má mọ̀. Ó ní kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, kí wọ́n má fi abẹ fá gìgísẹ̀ tó le, kí wọ́n má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná láé, nítorí ẹsẹ̀ á ti bó kí ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ̀ pé iná ni. Lábísí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé tí Kòkúmọ́ bá ti dé láti ọ̀nà, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń béèrè ni omi gbígbóná tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ náà ń yún un bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára rẹ̀. Ó délé, kò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣe sùúrù fún mi," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń ya. "Ibi tí mò ń sá fún ni mo dé yìí."

Ọ̀sán kan ni. Kòkúmọ́ ti Pọ́bẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀wù mìíràn lọ́rùn, ẹ̀wù tí Lábísí kò rán, tí kò sì mọ ẹni tó rà á. Ó bi í léèrè. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá tí a máa ń sùn sọ́dọ̀ wọn ní Pọ́bẹ̀ ló fún mi," ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó bọ́ bàtà. "Bá mi gbé omi mi wá, jọ̀ọ́." Lábísí wọ ilé ìdáná. Omi ti ń hó lórí iná nítorí láfún tó fẹ́ rò. Ó bu ú sínú bàsíà. Àmù omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sún mọ́ ọn débi pé aṣọ rẹ̀ ń kàn án. Ó ki ìka kan bọ omi tó wà nínú bàsíà, ó sì yára fà á yọ, ó fi sẹ́nu. Ó mọ̀. Kò sí pé èṣù ló tì í, kò sí pé ó gbàgbé, ó mọ̀. Ó bu omi tútù díẹ̀ sí i, díẹ̀ tí kò tó nǹkan, kí ooru rẹ̀ lè dínkù lójú, kí ọkọ rẹ̀ má bàa fura. Ó gbé e jáde. Ó gbé e ka iwájú rẹ̀. Kòkúmọ́ ní, "O ṣeun, aya mi," ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò fajú ro, kò gbẹ́sẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Omi yìí ì bá tiẹ̀ tún gbóná díẹ̀ sí i." Lábísí dúró tì í. Ó rí i tí awọ ẹsẹ̀ náà ń pọ́n. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré, "Ẹ gbẹ́sẹ̀," ti tó. Ó ń wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀. Ó dákẹ́. Ọkùnrin náà ń sọ fún un nípa àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó dá wọn dúró lọ́nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bó nínú bàsíà níwájú wọn méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, awọ gìgísẹ̀ ọ̀tún ti wú, omi ti kún inú rẹ̀; ẹsẹ̀ òsì kàn pọ́n ni. Kòkúmọ́ wò ó, ó ní, "Bàtà tuntun yìí ló há mi." Lábísí ní, "Bàtà náà ni, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́." Ìyẹn ni irọ́ tó fi pa ilẹ̀kùn dé. Ọkùnrin náà da sípíríìtì sí i, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé ọkọ̀ jáde bó ṣe ń ṣe. Kí ó tó padà dé, ó ti di ọgbẹ́. Ó di ọyún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tó ń sọ ìsọkúsọ ni ojú Lábísí tó là, tí ó sáré ké sí àwọn aládùúgbò. Ó ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní Abẹ́òkúta ní tí àwọn kò bá gé e, yóò pa á. Ó bi wọ́n pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ náà. Kòkúmọ́ ní bàtà ni. Lábísí wà níbẹ̀, kò la ẹnu.

"Ọjọ́ tí wọ́n gé e, obìnrin Pọ́bẹ̀ yẹn wá kí wa," ni Lábísí wí. Ó ti ń sunkún báyìí, kò nu ojú. "Màmá arúgbó ni. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń tilẹ̀ rìn, àwọn náà ló sì máa ń pe ọkọ mi lórí fóònù. Inú àgbàlá wọn ni gbogbo àwọn awakọ̀ máa ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ̀wù ọmọ wọn tó kú ni wọ́n fún ọkọ mi, nítorí wọ́n ní ó jọ ọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ ṣáá.' Nígbà tí a wá padà síbí, Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí àwọn ọkùnrin dúró kẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ẹ ní ṣúgà tó bá ga a máa gba agbára lára ọkùnrin, kí wọ́n má fi ṣe ìtìjú, kí ìyàwó má sì fura, kí wọ́n wá sọ fún yín, nítorí ìtọ́jú wà. Ẹ rántí pé mo jáde síta? Ẹ rò pé ojú ló ń tì mí. Mò ń bì ni."

Obìnrin kan ní, "Ìkà rèé o!" Ọkùnrin kan ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Kòkúmọ́ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Lábísí. Ọwọ́ rẹ kan omi náà?"

"Ó kàn án, Bàbá Ọlámipọ̀."

"Ó jó ọ?"

"Ó jó mi."

"O sì gbé e wá."

"Mo gbé e wá."

Kòkúmọ́ fa igi abíyá rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè ṣe é, Lábísí sì fẹ́ sáré sí i bó ṣe máa ń ṣe. "Má fọwọ́ kàn mí," ó wí. Bàrúwà, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé wọn wá, ló gbé e dìde, wọ́n sì jáde. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ ṣíná, wọ́n gbọ́ tí ó lọ.

Lábísí kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ó ní, "Mi ò ní kí ẹ ṣàánú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké tó ń bá ọkọ gbọ́ ẹ̀kọ́ níbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí inú bá ń bí yín, ẹ bá a jà. Ẹ pariwo, ẹ fọ́ àwo, ẹ kó relé bàbá yín. Ẹ má fi ìlera rẹ̀ gbẹ̀san. Ohun tí wọ́n bá kọ́ yín fún un, tirẹ̀ ni. Èmi jí i. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ìgbà tí ó dákẹ́ ni bàbá arúgbó kan lẹ́yìn na ọwọ́. Ó ní òun náà máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, pé àná gan-an ni òun ṣe é gbẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì Toheebat ní kí bàbá náà bọ́ bàtà kíá, ó sì tẹ orúnkún sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n bọ́ ọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìgbógílà ni Kòkúmọ́ kó lọ. Ọlámipọ̀, ọmọ wọn, fi iléèwé sílẹ̀ wá bá ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì padà lọ láìjẹun. Lábísí ń ránṣọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń lọ sí ẹ̀kọ́, ó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, àwọn obìnrin kan á sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bínú. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ́ wọn, á fi fóònù sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí ìyẹn kì í dá a lóhùn ju "Mo ti gbọ́" lọ.

Ó pẹ́ kí Bàrúwà tó wá dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ó ní kí o wá," ó wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé Ìgbógílà.

Abẹ́ igi máńgòrò ni Kòkúmọ́ jókòó sí. Ó ti rù díẹ̀. Lábísí kúnlẹ̀.

"Dìde. Mi ò pè ọ́ wá torí ẹ̀bẹ̀," ó wí. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ nígbà náà lọ́hùn-ún pé ara mi kò dá mi lóhùn mọ́. Ojú ló tì mí, mo wá jẹ́ kí o máa ro ohun tí o rò. Ṣùgbọ́n ìtìjú mi kọ́ ló gbé omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ọlámipọ̀. Èmi ni."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mi ò sì mọ ìgbà tí n óò dárí jì ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe é bí wọ́n ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran dáadáa. Wọ́n ní kò sí nǹkan lẹ́sẹ̀ yìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀." Ó bọ́ bàtà kan ṣoṣo náà, ó na ẹsẹ̀ sí i. "Bá mi wò ó."

Lábísí kò tíì dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀. Ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo gìgísẹ̀, ó ya àwọn ọmọ ìka sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró níbì kan. Ó mọ̀ pé tí òun bá sọ ọ́, ẹ̀rù yóò ba ọkùnrin náà, pé ó lè rò pé ọgbọ́n ni òun ń dá láti padà sínú ayé rẹ̀.

"Ó ti là láàárín ọmọ ìka tó kéré jù àti èkejì rẹ̀," ó wí. "Kò tíì di ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó tutù, ó sì funfun. Ẹ jẹ́ ká lọ rí nọ́ọ̀sì lónìí, kó má di ọ̀la."

Kòkúmọ́ wo ojú rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi igi abíyá kan lé ilẹ̀, ó sì na ọwọ́ kejì sí i kí ó fa òun dìde.